Bàbá Mátìí àti Ẹ̀rọ Pinbọ́ọ̀lù Ìbafọ̀

Bí ẹ bá dé Mowé lónìí, tí ẹ bi ọlọ́kadà léèrè Sàlísù Adéyanjú, yóò ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe Bàbá Mátìí. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, yóò wá ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá náà, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tí ẹ̀rọ géèmù di ọwọ́ bàbá mú ní Ìbafọ̀, tí kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Mowé. Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn náà sọ. Ìdajì àwọn tó ń sọ ọ́ kò sí níbẹ̀, àwọn yẹn ló sì mọ̀ ọ́n sọ jù.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Hàfísátù, opó kan tó ní ilé géèmù létí òpópónà márosẹ̀ ní Ìbafọ̀, ránṣẹ́ sí Bàbá Mátìí pé ẹ̀rọ pinbọ́ọ̀lù òun tún ti dákẹ́. Àpótí gígùn kan ni ẹ̀rọ náà, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló gbé e ró, gíláàsì bò ó lórí. Èèyàn á ju tókìn, irin róbótó tí wọ́n ń rà fún géèmù, sí i lẹ́nu, bọ́ọ̀lù irin kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri nínú rẹ̀, á máa kọlu agogo àti iná, ẹni tó ń ta á á sì máa fi apá kékeré méjì tó wà nísàlẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà padà sókè kó má baà kó sínú ihò. Bàbá dé, ó rí i pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ti sọnù. Kàkà kó dúró kí wọ́n wá a, ó dùbúlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó ní kó jáde, ọwọ́ kọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n po omi ọṣẹ," Hàfísátù wí.

"Omi kẹ̀? Sára wáyà? Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Ẹ jẹ́ n pe káfíńtà nígbà náà. Kó fi ayùn fẹ ihò yẹn díẹ̀. Pákó lásán ni."

"Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé ayùn wà láyé kó tó gé e mọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi ayùn kàn án."

"Bàbá, ọwọ́ yín ni mo ń sọ."

"Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ mi. Ibi iṣẹ́ ló wà."

Ó ní kí wọ́n gbé òun àti ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun ní Mowé, níbi tí irinṣẹ́ gidi wà. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn píkọ̀ọ̀pù, tí Bàbá Mátìí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tì í, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpótí, tó ń fi ọwọ́ òsì dá àwọn ojúlùmọ̀ lóhùn lójú ọ̀nà. Wọ́n dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí. Ọ̀kan nínú wọn yọjú sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí ni wọ́n kó.

"Aláìsàn la gbé," Bàbá dáhùn láti ìsàlẹ̀.

Ọlọ́pàá wò ó, ó wo àpótí. "Bàbá, ta ni aláìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ọ̀gá, èwo nínú wa ni kò lè dá yín lóhùn?"

Ọlọ́pàá náà ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ irinṣẹ́ tí wọ́n máa kó wá. Ìyàwó rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, jáde láti ilé ìdáná, kò bèèrè ohunkóhun, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bu òrí, ó fi pa ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fà á. Ọwọ́ jáde. Hàfísátù tó tẹ̀lé wọn wá sì bi Bàbá pé ṣé òrí kì í pa wáyà ni. Bàbá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Òrí yàtọ̀," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Èkó ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́, ní ọgbà ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ti wó tipẹ́. Nígbà tí Èkó fún mọ́ ọn lára, ó kó wá sí Mowé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn ilé, ó gbé pátákó síta pé òun ń tún gbogbo ẹ̀rọ tó ń jẹ kóìnì ṣe. Àwọn ọmọdé máa ń dúró síwájú pátákó yẹn, wọ́n á ní kí ni ń jẹ́ kóìnì. Ó ń tún géèmù mọ́tò ṣe, ó ń tún ẹṣin tó ń ju ọmọ sókè sódò níwájú ilé oúnjẹ ṣe. Kalokalo nìkan ni kò gbà. Ó ní tẹ́tẹ́ ni, ẹ̀sìn òun kò fàyè gbà á. Àmọ́ bí ẹ bá gbé kalokalo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á sọ ohun tó ń ṣe é fún yín láìfọwọ́ kàn án. Ó ní wàásù lòun ń ṣe.

Orúkọ tó gbajúmọ̀ yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta pinbọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ kó sínú ihò, ìdí ló máa ń fi ti ẹ̀rọ kí bọ́ọ̀lù lè yà. Bí Bàbá bá wà nítòsí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni, "Má tì í." Bí wọ́n bá ní kó fi wọ́n sílẹ̀, á ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá sì ní òun ti sanwó, á dá a lóhùn pé owó géèmù lo san, o kò sanwó ìjàkadì.

Ohun tó jẹ́ kó fẹ́ràn pinbọ́ọ̀lù ju gbogbo ẹ̀rọ yòókù lọ ni irin kékeré kan tó wà nínú rẹ̀, tó so rọ̀ bíi yẹtí láàárín òrùka. Bí èèyàn bá ti ẹ̀rọ jù, yẹtí yẹn á kan òrùka, iná á kú, apá méjèèjì á rọ, géèmù ti parí nìyẹn. "Ìtìjú ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn," Bàbá máa ń wí. "Àwa èèyàn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi í sí nínú."

Òfin kan ló sì ní: ohunkóhun tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá fi sínú rẹ̀, òun kò ní yọ ọ́ kúrò. Àwọn alátùn-únṣe mìíràn, bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ tí wọ́n tò ó tán, nọ́ọ̀tì bíi mélòó kan á ṣẹ́ kù, wọ́n á dà á sínú agolo, ayé á máa lọ. Nígbà kan, Bàbá ti délé láti Asese, níbi tó ti lọ tún ẹ̀rọ kan ṣe, kó tó rí nọ́ọ̀tì kékeré kan nínú àpò rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó ní òun jí nǹkan oní-nǹkan lọ sílé. Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa kó tó dé. Lẹ́yìn tó tú u tó dá nọ́ọ̀tì náà padà, kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní Asese yìí náà ni àwọn mẹkáníìkì ti rí i pé wọ́ṣà kan, irin pẹlẹbẹ bíi kóìnì, wà lára tírélà tó ṣe wẹ́kú ẹnu géèmù mọ́tò, wọ́n sì ń fi ta géèmù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ figbe ta. Bàbá Mátìí jókòó ti ẹnu ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ní kò sí wọ́ṣà tó máa wọlé mọ́. Òótọ́ ni, wọ́ṣà kò wọlé. Tókìn náà kò wọlé. Èyí tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gé pàápàá, ẹ̀rọ pọ̀ ọ́ síta. Ó wò ó títí, ó ní, "Olóòótọ́ ni. Ó kàn ti pọ̀ jù ni."

Irú ẹni tí Hàfísátù gbé ayé rẹ̀ lé lọ́wọ́ nìyí. Àbúbákr, ọkọ rẹ̀, ló ra pinbọ́ọ̀lù náà ní tòkunbọ̀ kó tó kú. Àwọn géèmù tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àdúgbò sì ti ní irú wọn lórí fóònù. Pinbọ́ọ̀lù nìkan ni kò sí níbòmíràn láti Ìbafọ̀ dé Mowé. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù á kún. Bó bá dákẹ́, Hàfísátù á jókòó máa lé eṣinṣin. Mùízz, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti wá láti Ifọ̀, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Ìyàwó wa, mi ò fẹ́ ibi fún ẹ. Yàrá wà nílé wa ní Ifọ̀. Wàá máa bá ìyá àwọn ọmọ mi ta gàrí. Kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ti kú ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ìbafọ̀ yìí ni mo ti lè dá dúró. Ní Ifọ̀, àlejò ni n ó máa jẹ́."

"Ó dáa. Títí Iléyá. Bí mo bá dé tó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, mò ń mú ọkọ̀ bọ̀. Àwọn tó ń ra àlòkù irin á gbé e."

Hàfísátù sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Bàbá ní Mowé, lọ́jọ́ tí òrí gbà á sílẹ̀. Bàbá ní kó lọ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ kì í kú sí òun lọ́wọ́. Àwa tó gbọ́ ọ kò fọkàn balẹ̀ rárá.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ náà kò ní àìsàn kankan ní Mowé. Wọ́n gbé e sí pálọ̀, wọ́n tan iná sí i, ó sì ń dún ganran-ganran. Ó yẹ kí wọ́n gbé e padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n Bàbá ní àṣà kan: ẹ̀rọ tó bá tún ṣe kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ta á, tí máàkì òun yóò sì lé ti gbogbo èèyàn. Ó ní báyìí ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé ara aláìsàn ti yá. Kò mọ̀ pé bí òun bá ti lọ sí mọ́sáláṣí, Bùrẹ́ímọ̀ á so ìró mọ́ ìdí dáadáa, á dúró ti ẹ̀rọ. Máàkì tí obìnrin yìí gbà, ọkọ rẹ̀ kò débi ìdajì rẹ̀.

Hàfísátù wá. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó ti yá?"

"Ó kù díẹ̀. Ó ṣì ń ṣe wọ́nranwọ̀nran."

Bùrẹ́ímọ̀, tó máa ń fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀, dáhùn láti ilé ìdáná. "Ó ti yá tipẹ́, ọmọ mi. Bàbá Uthman ni mo nà, òun ni kò tíì yá."

"Ìyá Uthman, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ là ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà lèmi ń sọ. Iléyá ń bọ̀, ẹ̀ ń bá mi du máàkì."

Ó tún tó ọjọ́ mélòó kan, Bàbá kò lé e bá. Nígbà tí àánú Hàfísátù ṣe Bùrẹ́ímọ̀ tán, ó fa wáyà ẹ̀rọ yọ kúrò lára iná, gbogbo máàkì sì pa rẹ́. Bàbá dé láti mọ́sáláṣí, ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé òun ló wà lókè. Ó pe gbogbo ilé wá wò ó. Bùrẹ́ímọ̀ kí i kú oríire, ó ní òun mọ̀ pé yóò ṣeé ṣe.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ padà sí Ìbafọ̀. Kò tíì tó wákàtí kan tó débẹ̀ tó tún kú. Bàbá ní iná ni. Wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ gbé e, ó kú. Ó ní aláǹgbá ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n wá aláǹgbá, kò sí. Ni ojú rẹ̀ bá já mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì dìde lọ bá Pásítọ̀ Dáníẹ́lì.

"Pásítọ̀, àwọn ọmọ ìjọ yín ń fò jù."

"Bàbá, ayọ̀ ni wọ́n fi ń fò, sà."

"Kí wọ́n máa yọ̀ ní ìjókòó. Wọ́n ń mi ẹ̀rọ wa. Ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tán báyìí."

"Ẹ má bínú, Bàbá, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ nìyí. A ò ní ìsìn lónìí. Èmi àti àga nìkan ló wà níbí látàárọ̀."

Bàbá wo àwọn àga náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Kò burú," ló wí. "N ó padà wá lọ́jọ́ Àìkú."

Kò padà wá, nítorí ọwọ́ tẹ ọ̀daràn náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ tuntun tó gé ní Mowé ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí yẹtí irin tó fẹ́ràn. Tírélà kan tó kó sìmẹ́ńtì kọjá lójú títì. Ilẹ̀ mì. Yẹtí fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó kan òrùka, ẹ̀rọ kú. Ilé Bàbá ní Mowé jìnnà sí títì, ìdí nìyẹn tí ara ẹ̀rọ fi ń le níbẹ̀. Ní Ìbafọ̀, òpópónà márosẹ̀ ló ń tì í. Bàbá rọra jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde láìwọ bàtà, ó dúró létí títì, ó nàka sí tírélà tó ń lọ, ó sì pariwo pé, "Má tì í." Gbogbo èrò tó ń dúró de ọkọ̀ rí i. Àwọn kan pè é wá sí ibòji, wọ́n ní kó rọra.

Gbogbo èèyàn ló wá mọ ohun tó kù láti ṣe. Kó yọ yẹtí náà kúrò, ó parí. Kò ní gba èèyàn tó àkókò tí wọ́n fi ń se omi tíì. Ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó lọ gba táyà àlòkù lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, ó gé e, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Tírélà kọjá, ẹ̀rọ kú. Ó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì kún un. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí ọkọ̀ ojú omi, ó kú kí tírélà tó dé. Bùrẹ́ímọ̀ tìkára rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí Ìbafọ̀.

"Bàbá Uthman, ẹ yọ nǹkan yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ."

"Bí mo bá yọ ọ́, kí ló kù nínú rẹ̀ tó máa sọ fún èèyàn pé ó tó gẹ́ẹ́? Pákó àti agogo ló kù yẹn. Kì í ṣe ẹ̀rọ mọ́."

"Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ agogo."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú bí wa sí i nígbà yẹn. Èèyàn lè gbéraga lórí iṣẹ́ rẹ̀ títí tí ẹlòmíràn á fi sanwó rẹ̀, Bàbá Mátìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Iléyá ku ọ̀la, Mùízz dé pẹ̀lú ọkọ̀. Ó kí wọn, ó wo ẹ̀rọ tó dákẹ́, ó jókòó. Hàfísátù kò sunkún, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àga ṣọ́ọ̀bù lé ara wọn. Bàbá wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó tún ń fi táyà kún táyà.

"Bàbá, ó ti tó," Hàfísátù wí. "Ẹ ti sapá. Ẹ jáde kẹ́ ẹ wá mu omi."

Bàbá na ọwọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. "Fún mi ní sípánà kékeré yẹn."

Wọ́n gbọ́ tí irin ń kọ irin. Nígbà tó jáde, yẹtí náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún dànù.

"Mùízz, wá tì í."

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Mo ní kóo wá ti ẹ̀rọ yìí. Má ṣàánú rẹ̀."

Hàfísátù ju tókìn sí i. Mùízz fi èjìká tì í, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan fò sókè, bọ́ọ̀lù ń sáré lọ ní tirẹ̀. Tírélà kọjá, gíláàsì gbọ̀n, agogo dún, bọ́ọ̀lù ń sáré lọ. Mùízz kọ́kọ́ ń tì í láti dán an wò. Nígbà tó yá, ó ń tì í kí bọ́ọ̀lù má baà kó sínú ihò. Láìpẹ́ ó ti gbàgbé ohun tó gbé e wá. Dírẹ́bà tó háyà fọn fèrè títí, ó sú u, ó gbé ọkọ̀ òfìfo lọ. Mùízz bi Hàfísátù bóyá ó ṣì ku tókìn.

Bàbá kò dúró wò ó. Ìta ló wà, ó kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù, ó dojú kọ títì. Hàfísátù gbé omi lọ bá a, ó rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá ní eruku ojú títì ni. Òjò ńlá ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, Bàbá Mátìí kì í pa ṣọ́ọ̀bù náà jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo bí àwọn kọ̀ńdọ́tọ̀ ṣe ń fi ìdí ti ẹ̀rọ bí ẹni ń ti mọ́tò tó kọṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ á yà, á tún pa á dé. Hàfísátù ní kó bá wọn wí, ó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Bàbá mi orí. "Èmi ni mo yọ ohun tó yẹ kó bá wọn wí. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?"

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù rẹ̀ ní Mowé, àfáà ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ dìde. Wọ́n dìde lóòótọ́. Wọ́n sọ ti píkọ̀ọ̀pù, wọ́n sọ ti wọ́ṣà, Pásítọ̀ Dáníẹ́lì tó wá bá wọn kẹ́dùn sọ ti àga. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àfáà fi ìwé bo ojú.

Hàfísátù ló dìde gbẹ̀yìn.

"Gbogbo yín ń sọ pé olóríkunkun ni. Òótọ́ ni. Èmi náà bú u nínú ọkàn mi, bí mo ti ń wo ọjọ́ tó ń lọ. Àmọ́ ohun tó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ nítorí mi. Ó dùn ún títí tó fi kú, kò sì fi bú mi rí. Ìbafọ̀ ni mo ti wá síbí láàárọ̀ yìí. Ìbafọ̀ náà ni mò ń padà lọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bùrẹ́ímọ̀ sún lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kó wá jókòó ti òun. Àwa yòókù ń wo ilẹ̀. A fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an ni, ẹ̀rín ni kò jẹ́ ká ráyè sọ fún un.